Bọ̀ọ̀lì Létí Omi Borokiri

Ilé rẹ ní Rumuigbo,
Port Harcourt.
Oṣù Keje, ọdún 2020.

Adégbénga ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ojú omi. Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú òtútù, kú gbogbo ọjọ́ tí a kò fojú kan ara wa. Ọlọ́run tó ń bá yín gbé orí irin tí ẹ ti ń wa epo láàárín òkun kò ní sùn, irin náà kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àmín. Bí o bá bèèrè wa, àlàáfíà ni a wà nínú ilé rẹ, èmi, Ibinabo ìyàwó rẹ, àti Tèmiolúwa ọmọ rẹ. Eyín iwájú Tèmi kan ti yọ. Ó yẹ kí a jù ú sórí òrùlé bí a ṣe ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n òrùlé ilé yín ga jù, apá mi kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ bá fi eyín náà sínú ife kan lórí fíríìjì.

Bashiru tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wá sí ẹnu géètì lánàá. Kò wọlé, ó bo imú, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ rẹ, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi rán òun tètè gbé e wá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kó àwọn sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ méjì láti wò ó bóyá àìsàn Kòrónà wà lára àwọn. Mo ní ó dára, n óò kọ lẹ́tà. Ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, yóò dé ibẹ̀ lónìí. Mo ní rárá, lẹ́tà ni mo fẹ́. Nítorí náà lẹ́tà yìí yóò sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, èmi tí mo bí ọ kò sì tíì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì rí.

Ohun tí mo bá fóònù jà lé lórí nìyí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá tí a ń wo ojú ara wa nínú rẹ̀, mo bi ọ́ pé ìgbà wo ni wọn yóò gbé ọ bọ̀, o la ẹnu, o dákẹ́, o ń wò mí, o kò ṣẹ́jú. Mo ní ọmọ mi ń ronú. N kò fẹ́ já lu ìrònú rẹ, mo bá káwọ́ gbera, èmi náà ń wò ọ́. A wà bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó rẹ fi jáde láti ilé ìdáná, ó ní Bàbá, ó ti háàǹgì. Èmi mọ háńgà, òun la fi ń gbé ẹ̀wù kọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹ̀yìn rẹ nínú fóònù bóyá ìṣó kan ló fa ọrùn ẹ̀wù rẹ. Ìgbà tí ìyàwó rẹ fi tẹ̀ ẹ́ tán, o ti lọ. Èmi kò lè máa bá ẹni tó lè lọ báyẹn sọ ọ̀rọ̀ tó ní láárí.

Ìyá rẹ Àkànkẹ́ kí ọ láti Ìgbájọ. Ó ń pariwo lórí fóònù nítorí ó ní Port Harcourt jìnnà. O mọ̀ pé mo sọ fún un pé bí ojú mi bá ti gbẹ ni n óò padà, kí n má ju oṣù kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí dókítà bó awọ funfun yẹn kúrò lójú mi gan-an ni ìjọba ní kí onílé ó gbélé. Ó ní títí di ìsinsìnyí òun ṣì máa ń ro ọkà èèyàn méjì, pé ọwọ́ òun kò mọ bí a ṣe ń ro ti ẹnì kan. Ajá ilé kejì ló ń jẹ ìpín tèmi. Ó ní ajá náà ti sanra, ó ń tẹ̀ lé òun lọ sí odò, ó ń tẹ̀ lé òun lọ sóko, kò dá àwọn tó ni ín mọ̀ mọ́. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí ajá náà mọ̀ pé mo ń bọ̀.

Nípa ti ibí, ilé ti ń mọ́ mi lára. Wahab, ará Auchi tó ń ṣọ́ géètì yín, ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni yóò ní Bàbá, háù fà. Mo ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé ọ̀nà náà jìn, pé bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ìgbájọ láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọ Port Harcourt, ó sinmi lórí bí àwọn ọlọ́pàá bá ṣe pọ̀ tó. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ṣí géètì. Tó bá di ọjọ́ kejì, yóò tún bi mí. Mo rò pé ó ń gbèrò àtilọ síbẹ̀ ni.

Bánkì mi náà kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé kí n jókòó sílé, kí n máa fọwọ́, pé ọ̀rọ̀ mi jẹ wọ́n lógún. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n rántí mi. Mo ní kí Ibinabo bá mi dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́, kí àwọn náà máa fọwọ́, kí wọ́n kí gbogbo ará ilé wọn. Ó ní Bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kì í gba èsì. Mo ní báwo ni èèyàn yóò ṣe kí ẹlòmíì tí kò ní jẹ́ kó dá òun lóhùn? Òun náà ń ṣiṣẹ́ bánkì, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pa á.

Ìyàwó rẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, Píjìn tèmi náà kò pọ̀, Tèmi ló ń ṣe ògbufọ̀ wa, ó sì máa ń yọ ibi tí kò bá wù ú kúrò. Àtàárọ̀ ni Ibinabo ti ń jókòó níwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá, ó ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Láti àyà sókè, kóòtù ló wọ̀. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, ìró ni. Mo bi Tèmi pé ṣé ìdajì owó oṣù ni wọ́n ń san fún ìyá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kó máa wọ ìdajì aṣọ. Nígbà tó bá kúrò níbẹ̀, yóò sè, yóò fọ̀, yóò nu ohun dúdú bí èéfín ààrò tó máa ń bà sórí fèrèsé ìlú yín yìí, yóò sì wọ balùwẹ̀, yóò pẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n kó tó jáde. Omi kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dún. Mo dàgbà, mo mọ ohun tí èèyàn ń ṣe ní balùwẹ̀ tí omi kò dún.

Ti Tèmi, ìwọ náà ti rí i. Láti ìgbà Àjíǹde tí o ní ò ń bọ̀ tí o kò dé, bí fóònù rẹ bá ti dún báyìí ni yóò wọ abẹ́ tábìlì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi bísíkíìtì bẹ̀ ẹ́, ó jẹ bísíkíìtì náà níbẹ̀, kò jáde. Ó ní dádì inú fóònù kì í ṣe dádì òun.

Báyìí la wà kí rédíò tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ti ṣí ọ̀nà díẹ̀, pé èèyàn lè jáde, kó ṣáà ti bo imú kó má sì wọ inú èrò. Ibinabo ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun ní Borokiri. Ìlú kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ wà, láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọ̀nà kò tíì fojú kàn án, ìyá náà sì ń dá gbé. Mo ti ń rò pé èmi tí mo fi aya sílẹ̀ ní Ìgbájọ ni ọ̀rọ̀ dùn jù, àfi ìgbà tí mo rí bó ṣe ń kó ìrẹsì àti epo sínú àpò, tó ń kó wọn jáde, tó tún ń kó wọn padà.

Mọ́tò rẹ kò kọ́kọ́ gbọ́. Ó ti pẹ́ lójú kan, bátìrì ti kú, ohun dúdú yẹn sì ti bò ó débi pé Tèmi ti fìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo ara mọ́tò náà. Wahab àti ará ilé kejì ló tì í, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọn kò sún mọ́ ara wọn, mọ́tò náà sì ń yà sápá ibi tí agbára pọ̀ sí. Nígbà tó gbiná, Tèmi pàtẹ́wọ́. A gba Máìlì Tiri, a gba Máìlì Wọ́ọ̀nù, mo ń wo ìta. N kò tíì fi ojú tuntun yìí wo ìlú. Ìgbà tí o gbé mi dé, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan nínú ògì ni. Ní báyìí mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù.

A dúró lójú ọ̀nà ra búrẹ́dì àti mílíìkì. Ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńlá náà, ó fọwọ́ sí àpò, ó yọ ìbọn, ó na án sí mi níwájú orí. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìbọn náà kò dún ju bí ẹyẹ kékeré ti í dún lọ. Ó wo ìdí rẹ̀, ó ní táti-síìsì, kí n máa wọlé. Mo bi Tèmi pé kí nìyẹn, ó ní mẹ́rìndínlógójì ni. Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́rin, àbíkẹ́yìn mi ló tó bẹ́ẹ̀. Kò yí i padà. Ó fún mi ní omi kan pa lọ́wọ́ tó ń rùn bí ògógóró. Mo sọ fún un pé díákónì ni mí.

A dé Borokiri. Ìyá Ibinabo, àna wa, ti gbé àga tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé tiwa sí abẹ́ igi lọ́hùn-ún, nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé àgbàlagbà ni àìsàn náà ń wá. Ó ti rù. Ibinabo dúró sáàárín oòrùn pẹ̀lú àpò búrẹ́dì lọ́wọ́, kò lọ, kò bọ̀. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè àlàáfíà bí ẹni pé fóònù ni wọ́n ṣì wà. Ibẹ̀ ni Tèmi ti gbéra lójijì tó sáré lọ dì mọ́ ìyá àgbà lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i mú. Àna wa wo orí ọmọ náà títí, ó wá gbójú sókè, ó ní ì dọ̀n dú, kí Ibinabo náà máa bọ̀. Píjìn ni, ó túmọ̀ sí pé ó tó gẹ́ẹ́. Ibinabo ju àpò sílẹ̀. Èmi ń wo igi.

Nígbà tí wọ́n tú ara wọn sílẹ̀, àna wa ní ohun tó dun òun jù ni pé òun á sè oúnjẹ tán, kò sí ẹni tí yóò sọ pé iyọ̀ kò tó. Ó ní òun kò sì ní jókòó sínú ilé lónìí, kí a lọ sétí omi, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì létí omi náà. Ó fi ẹfun ya òbìrí sílẹ̀ níwájú ààrò rẹ̀ tí oníbàárà yóò dúró sí. Mo wọ tèmi, mo dúró dáadáa. Wọ́n sanwó, wọ́n gba oúnjẹ, wọ́n jókòó, wọ́n ń pè mí, n kò lọ, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún mi pé mo lè jáde kúrò nínú òbìrí. Obìnrin náà ló wá fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lé mi jáde.

Adégbénga, nílé wa ẹ̀pà la fi ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Odidi ẹja ni wọ́n gbé tì í níbí, wọ́n da ata àti epo lé e, ìwọ kò sì sọ fún wa rí. Mo jẹ ẹ́, mo tú ìbòmú kúrò kí n tó jẹ ẹ́, ìyàwó rẹ ló rán mi létí. Ọkùnrin kan ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó gbọ́ tí mo ń sọ fún Tèmi pé kó má fi ọwọ́ ata kan ojú, ó ní Bàbá, ẹ rántí àwa ará ilé o. Yorùbá gidi. Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja pípa ló gbé bàbá rẹ̀ dé ìlú náà, Borokiri sì ni wọ́n bí i sí. Mo bi í bóyá ó mọ ibi tí ò ń ṣiṣẹ́. Mo ní irin gíga kan ni láàárín òkun, iná ń jó lórí rẹ̀, ọmọ mi wà níbẹ̀, ó pupa díẹ̀, ó ní àpá lágbọ̀n. Mo fi bébà di ìdajì ẹja mi pé kó bá mi fún ọ. Ó wo ẹja, ó wò mí. Ó ní Bàbá, ọkọ̀ òun kò lè dé ìdajì ọ̀nà, bí òun bá sì sún mọ́ ibẹ̀, àwọn sójà orí omi yóò lé òun. Ó ní kí òun má tàn mí, òun ló máa jẹ ẹ́. Mo ní kó máa jẹ ẹ́ nígbà náà.

Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí a bọ́ sínú ọkọ̀, òun á gbé wa yí ká díẹ̀. Mo ní ó tì. Tèmi ti wà nínú ọkọ̀. Wọ́n bá wọ̀ mí ní ẹ̀wù kan tó pupa bí iná, tó ki bí ìrọ̀rí, wọ́n fi ìgbànú dè mí, mo wọlé, mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo ń gba àdúrà. Ibinabo sọ nǹkan kan fún Abíọ́nà, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó ìró sáàárín itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ń pariwo èdè wọn láti etí omi, òun náà ń dá a lóhùn, àwọn obìnrin tó ń fọ ẹja níbẹ̀ ń dá sí i, ìyàwó rẹ ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó le, ó ń dún lórí omi, eyín rẹ̀ funfun. Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé ẹni tí Adégbénga fẹ́ nìyí, àwa kò tíì rí i ni.

A ń lọ jẹ́jẹ́. Tèmi ní ṣé omi yìí ló dé ọ̀dọ̀ dádì. Abíọ́nà ní òun kan náà ni. Tèmi ní kí ló dé tí dádì kò wa ọkọ̀ bọ̀. Ó wá dojú bolẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìyá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó gbé ẹnu sún mọ́ omi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò, ó sì ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ní eyín òun ti yọ. Ó ní Bàbá àgbà ń hanrun. Ó ní òun ti ń wẹ̀ fúnra òun. Ó ní òun kò bínú mọ́. Ó wá yí etí sí omi, ó dúró. Ìyàwó rẹ kò wa ọkọ̀ mọ́. Nígbà tó ṣe, ó jókòó dáadáa, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì nó dè. Pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, Ibinabo bu omi náà fọ ojú, kò tètè nù ún. Ó wá jókòó tì mí lórí pákó, ó ń fi Yorùbá díẹ̀ àti Píjìn díẹ̀ sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ ní bí ọkọ̀ bá dé, ẹni tó bá fẹ́ dúró síwájú sí i, àwọn yóò fi owó lé owó rẹ̀, pé o sọ fún òun pé o fẹ́ dúró. Ó ní òun kò sọ pé kí o má dúró. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun ló di ọkọ òun lọ́wọ́. Mo ní ó dára, mo gbọ́. Ó ní kí n má sọ pé òun ló sọ. Mo ní n kò ní sọ. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni, kì í ṣe ẹnu.

Nítorí náà èmi ni mo ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó rán mi. Má dúró. Bí wọ́n bá gbé bébà náà wá, má fọwọ́ sí i. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ rí mi, mo wà ní Rumuigbo, Wahab mọ̀ mí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé páánù ilé ìdáná ti jò, ìjọ náà ní owó ìkórè tí wọ́n bù fún wa, mo sì ti fẹ́ bèèrè bàtà. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ tì sápá kan. Ìwọ fúnra rẹ ni mo ń bèèrè lọ́tẹ̀ yìí. N kò sọ pé kí o má mú owó dání o. Mú un dání, ṣùgbọ́n kí ìwọ ló mú un wá, kó má jẹ́ pé owó ló máa ṣáájú tí ìwọ yóò máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ sì ní dátà ti tán nílé. N kò mọ ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí, n kò sì jẹ níbẹ̀.

Bashiru ti ń fọn fèrè mọ́tò ní géètì, jẹ́ kí n pa á dé. Omi tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀. Afẹ́fẹ́ kò ní bínú sí ọkọ̀ tó ń gbé yín. Àárẹ̀ kò ní mú ọ, ìròyìn burúkú kò ní bá ọ lójú ọ̀nà, ọwọ́ tí o bá fi kan ilẹ̀kùn yìí, ọwọ́ alààyè ni yóò ṣí i fún ọ. Má kọ̀wé padà. Máa bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbọ́lágadé.